Àlàáfíà ni bí, Jehu?

Akọ̀wé ìjọ kan ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ìlú àti ti ìjọ kúrò:

"Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Opó kan wà nínú ìgbìmọ̀ ìkórè wa. Lẹ́yìn ìkórè tó kọjá, ó dìde nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n gbé ìwé owó síta kí ìjọ mọ iye tó wọlé àti ibi tó gbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oníwàásù àlejò kan wàásù lórí Jehu. Ó ní Jesebeli ti wọ àárín wa, àfi kí Jehu dìde. Ní ìṣọ́ òru, wọ́n ń fi orúkọ obìnrin yìí gbàdúrà 'kú, kú, kú'. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀dọ́ dínà mọ́ ọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n tì í ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá ní kí n kọ lẹ́tà ìdádúró fún un, pé òun ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Nígbà tí mo jiyàn, wọ́n ṣí 2 Àwọn Ọba 10:30 fún mi, níbi tí Ọlọ́run ti yin Jehu. Ṣùgbọ́n Jésù ní alábùkún-fún ni àwọn onílàjà. Bàbá, inú Bíbélì kan náà ni méjèèjì ti jáde. Èwo ni kí n mú?"

Ìyá wa, mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Ẹ kọ́kọ́ bá mi kí obìnrin náà, ẹ ní mo ní ó kú ìfaradà.

N kò ní tàn yín pé ẹsẹ tí wọ́n ṣí fún yín kò sí níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Olúwa sọ fún Jehu pé ó ṣe dáadáa, pé ohun tó tọ́ lójú òun ló ṣe sí ilé Ahabu, ọba tó fẹ́ Jesebeli, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jókòó lórí ìtẹ́ Ísírẹ́lì títí dé ìran kẹrin. Ẹni tó bá ń wá ẹsẹ tí yóò fi gbe ìjà lẹ́yìn ti rí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣí i fún yín, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ka orí 9 tó ṣáájú, tàbí ẹsẹ 31 tó tẹ̀ lé e lójú ewé kan náà. Ẹ jẹ́ kí a jọ kà á.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, mo máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ṣọ́ọ̀kì nígbà tí a bá dé 2 Àwọn Ọba 9. Màá ní kó máa fa igi kọ̀ọ̀kan sójú bọ́ọ̀dù nígbàkígbà tí a bá ti kan ọ̀rọ̀ náà "àlàáfíà". Nínú èdè Hébérù, igi mẹ́sàn-án ló ń dúró síbẹ̀ nígbà tí a bá kà á tán. Mẹ́sàn-án, nínú orí kan tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti òkè délẹ̀! Kíláàsì a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, nítorí eré tí Jehu ń sá. Olùṣọ́ orí ilé ìṣọ́ ní Jesreeli kò tíì rí ojú rẹ̀ tó fi mọ̀ ọ́n: ó ní wíwa kẹ̀kẹ́ yẹn, ti Jehu ọmọ Nimṣi ni, ó ń wà á bí ayírí. Ká ní Èkó ni wọ́n bí i sí, dánfó ni ì bá máa wà. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó bá máa fi di igi kẹfà.

Wòlíì ọ̀dọ́ kan ló kọ́kọ́ wá da òróró lé Jehu tó jẹ́ ọ̀gágun lórí ní yàrá inú ní Ramoti-Gileadi, pé kó jọba, kó sì pa ilé Ahabu run. Ó sì sá lọ. Àwọn ọ̀gágun ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í pé, "Ṣé àlàáfíà ni? Kí ni wèrè yìí wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ?" Jehu gun kẹ̀kẹ́ ogun, ó dorí kọ Jesreeli níbi tí Ọba Joramu, ọmọ Ahabu, ti ń tọ́jú ọgbẹ́ ogun. Joramu rán ẹlẹ́ṣin kan síta láti bi í pé àlàáfíà ni bí. Èsì Jehu ni pé, "Kí ni ìwọ ní í fi àlàáfíà ṣe? Yípadà sẹ́yìn mi." Ẹlẹ́ṣin náà yí sẹ́yìn rẹ̀, kò padà mọ́. Wọ́n rán èkejì, bákan náà ló rí. Ni ọba fúnra rẹ̀ bá jáde: "Jehu, àlàáfíà ni bí?" Jehu ní, "Àlàáfíà wo, nígbà tí àgbèrè Jesebeli ìyá rẹ àti àjẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí?" Ọba ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ padà, ọfà sì wọ àárín apá rẹ̀ méjèèjì láti ẹ̀yìn, ó gba ọkàn rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bi í kẹ́yìn ni Jesebeli. Ó ti gbọ́ pé Jehu ń bọ̀, ó mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe, kò sì sá. Ó lé tìróò, ó di irun rẹ̀, ó yọjú lójú fèrèsé: "Simri, ìwọ tó pa ọ̀gá rẹ̀, àlàáfíà ni bí?" Èébú ńlá nìyẹn o. Simri náà pa ọba kó lè jọba, ọjọ́ 7 péré ló sì lò lórí ìtẹ́. Tìróò yìí ni àwọn oníwàásù wa máa ń rí, tí wọn yóò fi máa pe obìnrin tó bá kun ètè ní Jesebeli. Ìwé Àwọn Ọba kò ka tìróò sí i lẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà níbòmíràn, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nílé wa, "ṣé àlàáfíà ni?" ni a fi ń jí ara wa láàárọ̀, a kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Lárúbáwá la ti yá ọ̀rọ̀ náà, ìlera ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún. Ó sì bá ti Hébérù mu gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn náà kọjá pé ogun kò sí. Ó ń sọ pé ara le, ilé tòrò, ohunkóhun kò dín. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tó ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa mọ ohun tí ìbéèrè yẹn wúwo tó. Ọmọdé ló wà nígbà tí ogun kó Òṣoogùn ní 1821, tí wọ́n sì tà á sóko ẹrú.

Ẹ wá wò ó: ẹni márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bèèrè àlàáfíà nínú orí yẹn. Jehu kò dá ọ̀kan lóhùn pé "àlàáfíà ni" nígbà tó ti gun kẹ̀kẹ́ tán. Ẹni tó kọ ìtàn náà mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ yin Jehu ni, kò sí ìdí tí yóò fi jẹ́ kí ìbéèrè yẹn máa dún létí wa bẹ́ẹ̀.

Jehu ní ẹjọ́ o, n kò ní bò ó. Ní 1 Àwọn Ọba 21, Naboti ní ọgbà àjàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ní Jesreeli. Ahabu fẹ́ ẹ, Naboti ní ogún bàbá òun ni, òun kò tà. Ahabu lọ dojú kọ ògiri, kò jẹun. Jesebeli ló mú kálámù. Ó kọ lẹ́tà ní orúkọ ọba, ó fi èdìdì ọba dì í, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìlú: kí wọ́n kéde ààwẹ̀, kí wọ́n fi Naboti sí ipò ọlá, kí ọmọ Beliali méjì sì jẹ́rìí èké pé ó bú Ọlọ́run àti ọba. Àwọn àgbà ṣe é bí lẹ́tà ti wí. Wọ́n sọ Naboti lókùúta pa. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyẹn, pé kò sí àgbà kan tó bèèrè ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Ààwẹ̀ ni wọ́n sì fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà nígbà tí Jehu ju òkú Joramu sínú oko Naboti, ìdájọ́ tó ń kígbe láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń mú ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wá oko yẹn títí dé òpin ìtàn. Ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni dá a padà fún ẹbí Naboti. Ohun tí wọ́n kọ ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ ẹṣin tẹ Jesebeli tán lábẹ́ fèrèsé, Jehu wọlé, ó jẹ, ó sì mu.

Lẹ́yìn oúnjẹ, òun náà mú kálámù. Ẹ jọ̀wọ́, ìyá wa, ẹ dúró níbí. Ahabu ní àádọ́rin ọmọkùnrin ní Samaria. Jehu kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà àti àwọn tó ń tọ́ wọn: bí ẹ bá jẹ́ tèmi, ẹ mú orí àwọn ọmọ ọ̀gá yín wá bá mi ní Jesreeli ní ìwòyí ọ̀la. Nínú Hébérù, "orí" lè jẹ́ orí ènìyàn, ó sì lè jẹ́ olórí, ẹni tó ṣíwájú. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn àgbà, wọ́n pa àádọ́rin ọmọ, wọ́n kó orí wọn sínú agbọ̀n, wọ́n fi ránṣẹ́. Jehu ní kí wọ́n kó wọn jọ ní òkìtì méjì sí ẹnu bodè títí di òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jáde sáàárín àwọn ènìyàn, ó ní: "Olódodo ni yín. Èmi ni mo pa ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ta ló pa gbogbo ìwọ̀nyí?"

Ẹ gbọ́ nǹkan! Lẹ́tà tirẹ̀ ló pa wọ́n. Ohun tí Jesebeli ṣe sí Naboti ni Jehu ṣe sí àwọn ọmọ yẹn: lẹ́tà kan, àwọn àgbà tí ẹ̀rù ń bà, òkú, àti ẹni tó rán wọn níṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ fefe. Ilé tó ń wó ni ó ti kọ́ iṣẹ́.

Kò sì dúró lórí ilé Ahabu tí wọ́n rán an sí. Ó pa àwọn ọ̀rẹ́ wọn àti àwọn àlùfáà wọn. Ó pàdé àwọn ìbátan Ahasiah ọba Juda lójú ọ̀nà, ẹni 42 tó ń lọ kí àwọn ọmọ ọba, ó pa gbogbo wọn lẹ́bàá kòtò. Ó wá pe ọkùnrin kan, Jehonadabu, sínú kẹ̀kẹ́ pé kó wá wo ìtara òun fún Olúwa. Èmi a máa bẹ̀rù ẹni tó bá ń pe ènìyàn wá wo ìtara rẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ 30 tí wọ́n ṣí fún yín ni 31 wà, níbi tí wọ́n ti ní Jehu kò ṣọ́ra láti rìn nínú òfin Olúwa, tí kò sì yà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ Jeroboamu. Àwọn ère ọmọ màlúù wúrà tí Jeroboamu gbé sí Bẹ́tẹ́lì àti Dánì ṣì dúró síbẹ̀. Gbogbo ìtara yẹn kò kan wọn.

Ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, òkúta dúdú kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 ní gíga. Henry Layard ló wú u jáde ní Nimrud, ní ilẹ̀ Iraq òde òní, ní 1846. Ṣalmaneseri Kẹta, ọba Ásíríà, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ní ọmọ lọ́hùn-ún, ẹ ní kó lọ wo àwòrán ìpele kejì láti òkè. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ níbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀ níwájú ọba. Ìkọ̀wé rẹ̀ ní Jehu ló mú ìṣákọ́lẹ̀ fàdákà àti wúrà wá. Òun fúnra rẹ̀ ni tàbí aṣojú rẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ọdún 841 kí a tó bí Jésù ni ìṣákọ́lẹ̀ yẹn, kò pẹ́ sí ìgbà tó pa Joramu. Orúkọ tí wọ́n kọ sí i ni "Jehu ọmọ Omri". Omri ni bàbá Ahabu! Gbogbo ilé yẹn ló pa run, àwọn ará Ásíríà sì ṣì ń fi orúkọ ilé náà pè é.

Ìyẹn lóde Bíbélì o. Nínú Bíbélì fúnra rẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí Jeroboamu Kejì, ọmọ-ọmọ ọmọ Jehu, wà lórí ìtẹ́, Olúwa sọ fún wòlíì Hosea pé kó sọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Jesreeli. Ó dà bí ìgbà tí ará Ìkìrun bá sọ ọmọ ní Jálumi lẹ́yìn ogun 1878. Ìdí rẹ̀ wà nínú Hosea 1:4: níwọ̀n ìgbà díẹ̀, "èmi ó bẹ ẹ̀jẹ̀ Jesreeli wò lára ilé Jehu". Ẹ̀jẹ̀ kan náà tí 2 Àwọn Ọba 10:30 ní ó ṣe dáadáa tó ta á sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ ìran kẹrin, Sakariah, jọba, oṣù mẹ́fà ló lò kí Ṣallumu tó pa á lójú gbogbo ayé. Ìwé Àwọn Ọba ní ìlérí ló pé. Hosea ní gbèsè ni.

Àwọn olùkọ́ mi gbìyànjú láti fi irin lọ ọ̀rọ̀ yìí kó lè tẹ́jú. Àwọn kan ní iṣẹ́ Jehu dára, ọkàn tó fi ṣe é ni kò dára. Àwọn mìíràn ní ó ṣe ju ohun tí wọ́n rán an lọ. Ìkejì sún mọ́ ohun tí mo rí nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n Hosea kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní ẹ̀jẹ̀ ni. Tèmi ni pé kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe gún. Àwọn tó kó àwọn ìwé yìí jọ rí méjèèjì, wọn kò yọ ọ̀kan. Ẹjọ́ tí ìwé kan ti dá, ìwé mìíràn gbé e dìde. Ẹni tó bá fi ẹsẹ 30 wàásù láìdárúkọ Hosea ti gé ẹlẹ́rìí kejì lẹ́nu.

Hosea kò sì dúró síbi ẹ̀jẹ̀. Jesreeli ní èdè wọn túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ń gbìn. Nígbà tó fi máa dé òpin orí kejì, ọrun, idà àti ogun ti ṣẹ́ kúrò ní ilẹ̀ náà, Olúwa sì ń dá orúkọ náà padà sí ti oko: ọkà, wáìnì, òróró. Ibi tí òkìtì orí wà ni wọ́n ti ń gbin nǹkan.

Ẹ máa bi mí pé Eliṣa tó rán òróró sí Jehu ń kọ́ o. Eliṣa náà ò ṣe é fi sápá kan. Òun ló fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Bẹ́tẹ́lì gégùn-ún tí béárì méjì fi fa ẹni 42 nínú wọn ya, n kò sì tíì gbọ́ ìwàásù tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí ẹsẹ yẹn. Òun kan náà ni, ní orí 6, tó kó àwọn ọmọ ogun Síríà lójú fífọ́ wọ àárín Samaria. Inú ọba Ísírẹ́lì dùn dé ibi pé ó bèèrè lẹ́ẹ̀mejì: "Bàbá mi, ṣé kí n pa wọ́n? Ṣé kí n pa wọ́n?" Eliṣa ní kó gbé oúnjẹ àti omi ka iwájú wọn. Wọ́n sè fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà sílé, àwọn ẹgbẹ́ ogun Síríà kò sì wá sí ilẹ̀ náà mọ́. N kò ní fi ẹsẹ tó tẹ̀ lé e pa mọ́ fún yín: Benhadadi ọba Síríà ṣì padà kó gbogbo ogun rẹ̀ dó ti Samaria. Ìlàjà lè bàjẹ́. Èyí tí Jehu ṣe náà kò kúkú mú ìsinmi wá; Hasaeli ọba Síríà ti ń gé ilẹ̀ Ísírẹ́lì jẹ kí orí 10 tó parí.

Ti Jésù kò gba àlàyé gígùn. Nínú Lúùkù 9, àwọn ará ìletò Samaria kan kò gbà á sílé. Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná láti ọ̀run kó jó wọn. Samaria yẹn ni ilẹ̀ tí Elijah ti pe iná lé àwọn ọmọ ogun ọba lórí, nítorí náà wọ́n ní ẹsẹ Bíbélì lọ́wọ́. Ó yíjú padà, ó bá wọn wí, wọ́n sì gba ìletò mìíràn lọ. Ẹ fi èyí han àwọn tó ń pariwo "kú, kú" lóru. Bí wọ́n bá sì ka Mátíù 11:12 fún yín, pé àwọn alágbára fi ipá gba ìjọba ọ̀run, ẹ bi wọ́n pé nípa ta ni Jésù ń sọ̀rọ̀. Nípa Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni, tó wà nínú ẹ̀wọ̀n Hẹ́rọ́dù, tí wọn yóò gé lórí láìpẹ́. Lójú tèmi, àwọn oníwà ipá inú ẹsẹ yẹn ni àwọn tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tiyín. Wọ́n ní obìnrin tó ní kí wọ́n gbé ìwé owó síta ni Jesebeli. Ẹ tún ìtàn náà gbé yẹ̀ wò. Jesebeli kọ́ ló bèèrè ibi tí nǹkan gbà, Jesebeli ló fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bèèrè. Ẹni tí wọ́n fi ààwẹ̀ àti ẹ̀sùn yí ká nítorí pé ó ní "rárá", Naboti nìyẹn. Onílàjà kì í sì í ṣe ẹni tó ní kí opó máa pa ẹnu mọ́ kí ìjọ lè dákẹ́ rọ́rọ́.

Kí a ṣì tún wò ó pé lẹ́ẹ̀mejì ni lẹ́tà ti pa ènìyàn nínú ìtàn yìí, àwọn tó sì gbé e ṣe kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbà ìlú ni wọ́n, ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí èsì mi fi gùn tó báyìí, nítorí ọwọ́ yín ni bírò wà.

Ẹ má kọ lẹ́tà yẹn. Bí wọ́n bá ní kí akọ̀wé mìíràn kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú ìwé ìpàdé pé ẹ kò fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sí i: pé ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn ìbéèrè rẹ̀ lórí owó ìkórè. Ẹ bá àwọn òbí àwọn ọ̀dọ́ yẹn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi tó tún dé. Àwọn ni wọn yóò mú bí ọ̀rọ̀ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, oníwàásù ti bá mọ́tò lọ. Ẹ wá lọ sílé obìnrin náà, ẹ gbé oúnjẹ dání, torí ọwọ́ tó yẹ̀ kò lè gún iyán. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ bi í bóyá àlàáfíà ni, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ.